Máàkì fún iṣẹ́ ọnà: ìbéèrè àwọn olùkọ́ àti òbí, pẹ̀lú ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ń kọ́ni ní Cultural and Creative Arts, ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa ń pè ní CCA, ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní JSS. Ó wà fún ọ̀gá ilé ìwé tó ń bu ọwọ́ lu èsì, àti fún òbí tó rí 42 nínú káàdì ọmọ rẹ̀ tí kò mọ ibi tí 42 náà ti wá. Ilẹ̀ Yorùbá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àpẹẹrẹ mi ti wá. Mo máa yà sí Amẹ́ríkà díẹ̀, nítorí ohun tí ojú àwọn olùkọ́ orin rí níbẹ̀ lè kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ṣebí ohun tó bá wu olùkọ́ ló ń fún ní máàkì? Ta ló lè wọn ẹwà?

Ẹni tó bá rò pé ẹwà ò ṣe é wọ̀n kò tíì gbọ́ bí àwọn agbẹ́gilére ṣe ń tú iṣẹ́ ara wọn wò. Ní àwọn ọdún 1960, Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Yale, rìn káàkiri ìlú Yorùbá, ó ń béèrè ère tó dára lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó sì ń béèrè ìdí tó fi dára. Ìdáhùn wọn kò fọ́n ká. Wọ́n fẹ́ jíjọra: kí ère jọ ènìyàn, àmọ́ kó má jọ ẹnì kan pàtó jù. Wọ́n fẹ́ ìfarahàn: kí ojú, etí àti ilà hàn kedere, kí wọ́n má dàrú mọ́ ara wọn. Wọ́n fẹ́ dídán, wọ́n fẹ́ gígún, wọ́n sì fẹ́ ọ̀dọ́, ìyẹn ni pé kí ère àgbàlagbà pàápàá ní ara tó ta kébé. Òṣùwọ̀n ni gbogbo ìyẹn. Kò sí nínú ìwé kankan nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbẹ́ ère mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń rà á náà sì mọ̀ ọ́n.

Kò burú kí olùkọ́ ní ohun tó wù ú. Ohun tó burú ni pé ó fi í sínú, ọmọ ò sì mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ tí èsì jáde.

Àríyànjiyàn lórí ohun tó yẹ ká máa wò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú, padà dé sí Èkó láti London ní 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé láti ya ohun bí ojú ṣe rí i: òjìji, ìwọ̀n, bí ọ̀nà ṣe ń dín ní fífẹ̀ bó ṣe ń jìnnà. Òun náà ló rọ ìjọba amúnisìn títí wọ́n fi gba olùkọ́ ọnà mìíràn, Kenneth Murray, tó dé ní 1927. Murray kò bá a tọ ọ̀nà kan náà. Tirẹ̀ ni kí àwọn ọmọ ya ìgbésí ayé ìlú wọn, kí wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀, kí wọ́n má kàn máa ṣe àdàkọ òyìnbó. Ní 1937, iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀, Ben Enwonwu lára wọn, wà lórí ìpàtẹ ní London. Àwòrán kan náà lè gba A lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn kó gba C lọ́wọ́ èkejì, kó má sì sí ẹni tó ṣì í ṣe, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti sọ ohun tó ń wá fún ọmọ ṣáájú. Èmi máa ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Onabolu ní JSS 1, nítorí ọmọ tí kò tíì lè wo ife kó ya ife, kí ló fẹ́ fi sọ ìtàn ìlú rẹ̀? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ò gbà, a sì ti jiyàn lé e lórí títí.

Ọmọ mi ò ní ẹ̀bùn àwòrán. Ṣé kó máa gba òdo lọ ni?

Rárá o. A kì í fún ẹ̀bùn ní máàkì, ohun tí a kọ́ ọmọ la ń wò. Bó bá jẹ́ pé òjìji la kọ́ lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ń ti fèrèsé apá ọ̀tún wọlé, ìbéèrè mi ni bóyá apá òsì ìgò náà ni ọmọ kùn ṣú. Ọmọ tó kùn ún bẹ́ẹ̀ gba máàkì rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ìgò náà wọ́. Ọmọ tó ya ìgò tó rẹwà tí kò sì ní òjìji kankan kò lè gba gbogbo rẹ̀. Ó máa ń bí àwọn òbí ọlọ́mọ ẹlẹ́bùn nínú. Mo máa ń ní kí wọ́n wá wo ohun tí mo kọ sójú pátákó lọ́jọ́ náà.

Báwo ni mo ṣe máa pín máàkì fún iṣẹ́ kan?

Ẹ jẹ́ ká mú àdìrẹ oníkó fún JSS 2, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20. Èmi máa ń fi 5 sí dídì: nígbà tí a bá tú u, ṣé ibi tí a dì funfun, àbí aró ti wọ abẹ́ okùn? Bí funfun rẹ̀ bá mọ́ pátápátá, 5 ni. Bí aró bá wọ àwọn ibì kan ṣùgbọ́n tí àwòṣe ṣì hàn, 3. Bí a kò bá mọ ibi tí a dì mọ́, 1. Mo máa ń fi 5 mìíràn sí ètò àwòṣe: ṣé ọmọ fi pẹ́ńsù sàmì sí i kó tó dì í, ṣé àwọn òrùka jìnnà síra dọ́gba, àbí ó kàn ń dì í bó ṣe ń bọ́ sí i lọ́wọ́? Rírẹ gba 4. Mẹ́fà tó kù, ìtàn iṣẹ́ ni mo fi í fún: aṣọ kékeré tí ọmọ kọ́kọ́ fi dánra wò, àti gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ohun tó bà jẹ́ àti ohun tó yí padà nígbà kejì.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ pé mẹ́fà yẹn pọ̀ jù. Kò pọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè rí i pé ọmọ mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Àdìrẹ tó dára lè jẹ́ oríire, pàápàá àdìrẹ àkọ́kọ́.

Ẹ kíyè sí èyí náà: bí ẹ bá ń lo kọ́sítíìkì sódà àti háídírọ́ọ̀sì, olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ po aró, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kí àwọn ọmọ jìnnà sí i. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè yọ máàkì ọmọ nítorí pé aró ò dúdú tó. Ẹ̀yin lẹ pò ó. Ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nìkan ni kó wọ inú máàkì.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kọ ìpín yìí sójú pátákó, ní èdè tí ọmọ ọdún méjìlá gbọ́.

Ìgbà wo ló yẹ kí n wo iṣẹ́ náà: bó ti ń lọ lọ́wọ́ ni àbí tó bá parí?

Ìgbà méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tó wà lójú ọ̀nà ló ń kọ́ ọmọ. Ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Fada Kevin Carroll ti ṣètò ilé iṣẹ́ ọnà láti 1947 sí 1954, níbi tí George Bandele, ọmọ Areogun ará Òsì, ti gbẹ́gi, tí Lamidi Fakeye sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìpele iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́: wọ́n á la ibi tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ máa wà lára ìtì igi. Alétúnlé tẹ̀ lé e: ojú, etí, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí fínfín tó wá kẹ́yìn pẹ̀lú irun, ilà àti ọ̀ṣọ́ ara. Ọ̀gá tó bá dúró di ìgbà fínfín kó tó sọ pé orí ti tóbi jù ti ba igi jẹ́, ó sì ti fi àkókò ọmọ ṣòfò.

Nítorí náà, ẹ dá iṣẹ́ dúró ní ibi méjì ó kéré tán kó tó parí. Níbẹ̀, ẹ má fún wọn ní máàkì rárá. Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tí ọmọ lè tún ṣe, kí ẹ sì kúrò lórí rẹ̀. Mo ti rí i pé bí mo bá kọ 11/20 sí iṣẹ́ tí kò tíì parí, ọmọ kò ní ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí abẹ́ rẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ju ọgọ́rin lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ ṣá?

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbìyànjú láti wo ọgọ́rin ọmọ nínú pírẹ́òdù kan. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, kí ẹ jókòó ti ọ̀wọ́ kan lọ́sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Kí oṣù tó pé, ẹ ti fojú kan gbogbo wọn. Ẹ dín iye iṣẹ́ tó máa gba máàkì kù sí mẹ́ta lórí sáà kan. Kí àwọn ọmọ fi òṣùwọ̀n ojú pátákó wo iṣẹ́ ara wọn kí wọ́n tó gbé e wá. Ìdajì nínú wọn á padà lọ tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní fóònù, ẹ ya fọ́tò àwọn iṣẹ́ tó tóbi tàbí tó máa bàjẹ́, bí amọ̀.

Ní ìparí sáà, ẹ fa iṣẹ́ mẹ́wàá yọ láìwo orúkọ, kí ẹ fún olùkọ́ mìíràn láti fi òṣùwọ̀n yín kan náà wò ó. Bí máàkì rẹ̀ àti tiyín bá jìnnà síra gan-an, òṣùwọ̀n yín ni kò yéni tó.

Olùkọ́ ní kí ọmọ mi mú ìgbálẹ̀, ẹní àtẹ́sẹ̀ àti dọ́sítà wá fún máàkì. Ọjà ni mo ti rà á. Ṣé mo dá ẹ̀ṣẹ̀?

Olùkọ́ ló kọ́kọ́ dá a. Gbogbo wa la mọ̀ pé lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá ń gba iṣẹ́ ọwọ́, tita ìgbálẹ̀ máa ń yá, àti pé òmíràn nínú àwọn ìgbálẹ̀ yẹn, ọ́fíìsì ilé ìwé ló ń lò ó di sáà tó ń bọ̀. Máàkì tí ọmọ gbà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ àti oníṣòwò ló pín in. Ó sì burú sí i fún ọmọ tí ilé wọn ò lówó, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọwọ̀ lára imọ̀ ọ̀pẹ, tó dì í wọ́gọwọ̀gọ, tó wá gba máàkì tó kéré sí ti ọmọ tó rà á.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Iṣẹ́ tó máa gba máàkì, inú kíláàsì ni kí wọ́n ti ṣe é. Bó bá pọn dandan kó dé ilé, kí ọmọ dá apá kan ṣe lójú olùkọ́: kó hun ìlà márùn-ún nínú ẹní náà, kó fi bí wọ́n ṣe ń dì í hàn. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá ní kí ẹ rà á, ẹ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ.

Orin, ijó àti eré máa ń tán lójú ẹsẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wọ̀n?

Ẹ pinnu ohun tí etí yín ń wá kó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú orin àjùmọ̀kọ, èmi máa ń wo mẹ́ta péré: ṣé ọmọ dúró lórí ohùn, ṣé ó bá àwọn tó kù rìn, ṣé ó gbé ọ̀rọ̀ jáde tó yé ni. Nínú orin Yorùbá, ẹ̀kẹta yìí lágbára ju bí àwọn ìwé orin ṣe máa ń sọ ọ́ lọ, nítorí bí ohùn orin bá lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ sílẹ̀, ìtumọ̀ á yí.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ló ń dá àwọn olùkọ́ láàmú jù. Ẹ wo ẹgbẹ́ dùndún: ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú kò sọ nǹkan kan tó yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dà nù. Ọmọ tó di gúdúgúdú mú láìyẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kò gbọdọ̀ gba máàkì tó kéré sí ti ẹni tó lu ìyáàlù kìkì nítorí pé ìyáàlù ló ń dún lókè. Ẹ fún ẹgbẹ́ ní máàkì kan, kí ẹ sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lórí ipa tí a fún un. Nínú eré, bákan náà: ọmọ tó dúró bí ẹ̀ṣọ́ ọba láìsọ̀rọ̀, tí ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ti ṣe eré.

Bí ẹ bá fi fóònù gba ohùn tàbí fídíò wọn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó sọ tiyín. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí ṣáájú, kí ẹ má sì gbé e sórí WhatsApp kíláàsì láìbéèrè.

Ṣé ìdánwò oníbébà ò tó? Ó yá, ó sì rọrùn láti máàkì.

Ó rọrùn lóòótọ́. Láti ìgbà tí ètò 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, CA, ìyẹn máàkì tí à ń kó jọ láàárín sáà, ló yẹ kó máa gbé iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣe wọ inú èsì, kí ìdánwò ìparí má nìkan dájọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nínú 40 tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé fi sílẹ̀ fún CA, bébà ni wọ́n tún fi ń gbà á: èwo nínú ìwọ̀nyí ni àwọ̀ ìpìlẹ̀, A sí D. Ọmọ lè mọ̀ pé pupa, yẹ́lò àti búlúù ni, kó má tíì po àwọ̀ ewé rí láyé.

WAEC pàápàá kò gbẹ́kẹ̀ lé bébà nìkan. Visual Art ní ìdánwò aláfọwọ́ṣe, Music náà sì ní ti lílù tàbí kíkọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò orílẹ̀-èdè lórí iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà ní 2008, fún àwọn ọmọ tó wà ní ọdún kẹjọ ilé ìwé, wọ́n ní kí wọ́n ya àwòrán ara wọn ní àfikún sí ìbéèrè A sí D. Ọmọ tó ti wá lo ọdún mẹ́ta ní JSS láìfọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì, SS 1 ni yóò ti mọ̀ pé òun ò kọ́ nǹkan kan.

Ojú káàdì tí wọ́n kọ "affective" àti "psychomotor" sí, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Ìwà àti ìlò ọwọ́ ni, láti 5 dé 1. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kíláàsì ló ń fi ojú inú kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí káàdì máa jáde. Olùkọ́ CCA ló yẹ kó kọ ti ìlò ọwọ́, nítorí òun ló rí ọwọ́ náà.

Ta ló ń díwọ̀n olùkọ́ CCA gan-an, kí ni wọ́n sì ń wò?

Ẹnu ọ̀nà ni TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ń ṣọ́: ìwé ẹ̀rí, ìdánwò àti ìwé àṣẹ iṣẹ́. Nínú ilé ìwé, ọ̀gá máa ń kọ fọ́ọ̀mù APER lọ́dọọdún, èyí tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀. Àwọn olùbẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, tàbí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ náà ń wá. Lesson note ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà scheme of work, dáyárì àti rẹ́jísítà.

Gbogbo ìyẹn ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ olùkọ́ tí lesson note rẹ̀ mọ́ bí aṣọ àlà, tí ọ̀gá ti bu ọwọ́ lù ní ọ̀sẹ̀ gbogbo, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì tíì ya ohunkóhun láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí olùbẹ̀wò kọ́kọ́ bi wá ni: ẹ fi iṣẹ́ àwọn ọmọ hàn mí, ti oṣù kẹsàn-án àti ti òní. Kó mú ọmọ mẹ́ta fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ kí olùkọ́ yàn wọ́n. Bí iṣẹ́ ọmọ mẹ́ta bá yàtọ̀ láàárín ìgbà méjèèjì, olùkọ́ ti kọ́ni.

Ṣé ó tọ́ kí wọ́n fi máàkì akẹ́kọ̀ọ́ díwọ̀n olùkọ́?

Ó wà lọ́wọ́ irú máàkì tí ó jẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, òfin 2010 ní kí ìdajì ìdíwọ̀n olùkọ́ wá láti inú àṣeyọrí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdánwò ìjọba wà fún ìṣirò àti kíkàwé. Kò sí fún orin tàbí àwòrán. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ni pé kí olùkọ́ orin máa jẹ nínú máàkì gbogbo ilé ìwé. Ìyẹn ni pé bí àwọn ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìṣirò, ó ti kan ẹni tó ń kọ́ wọn ní dùrù.

Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Memphis, ìlú kan ní Tennessee, ò gbà, ṣùgbọ́n wọn ò kàn jókòó máa ráhùn. Wọ́n ṣètò tiwọn: olùkọ́ á kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìgbà tó yá, fídíò, ohùn, àwòrán; lẹ́yìn náà, àwọn olùkọ́ ọnà bíi tiẹ̀, tí a ti dá lẹ́kọ̀ọ́, á wo bí àwọn ọmọ ṣe tẹ̀ síwájú. Ìjọba ìpínlẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó mọ orin ló ń dá ẹni tó ń kọ́ orin lẹ́jọ́. Ohun tí mo bẹ̀rù ni àkókò: kíkó fáìlì jọ lè jẹ gbogbo sáà kẹta. Bí a bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ níbí, ọmọ mẹ́ta, iṣẹ́ méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó tó.

Olùbẹ̀wò ni mí, mi ò gbọ́ orin. Kí ni mo lè wò?

Ẹ wo aago. Nínú ogójì ìṣẹ́jú, mélòó ni àwọn ọmọ fi kọrin tàbí lu nǹkan, mélòó ni wọ́n fi da nóòtì kọ láti ojú pátákó? Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń sọ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọrin: "ẹ kú iṣẹ́, ẹ pàtẹ́wọ́" kò kọ́ ẹnikẹ́ni, "ẹ ń sáré ní ìlà kejì, ẹ tún un gbà" ló ń kọ́ni. Kí ẹ tó jáde, ẹ bi ọmọ kan léèrè ohun tí wọ́n ń gbìyànjú láti tún ṣe. Bó bá lè sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwòrán ni mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Orin inú CCA ń dà mí láàmú. Ṣé wọ́n lè fi ìyẹn yọ máàkì mi?

Kò yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Fine and Applied Arts, Music àti Theatre Arts. CCA wá kó gbogbo wọn lé ẹnì kan lórí. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ní kíkọ sílẹ̀, apá tí ẹ mọ̀ àti apá tí ẹ nílò ìrànlọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ẹ lè bá olùkọ́ mìíràn pààrọ̀ kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bí ilé ìwé wa bá gba ife ẹ̀yẹ ní ìdíje ijó ńkọ́?

Ẹ kú oríire. Ọmọ méjìlá ló jó. Ẹ fi iṣẹ́ àwọn tó kù hàn.

Ṣé mo lè pe onílù tàbí aláró àdúgbò wá bá mi wo iṣẹ́ àwọn ọmọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì rọ̀ yín kí ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kó kọ nọ́ńbà. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ nílé kì í sábà sọ̀rọ̀ ní 14/20; wọ́n á gba ìlù lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n á lù ú bó ṣe yẹ, wọ́n á dá a padà. Ẹ jókòó tì í, ẹ máa kọ ohun tó ń tún ṣe sílẹ̀, kí ẹ wá fi òṣùwọ̀n yín túmọ̀ rẹ̀ sí máàkì lẹ́yìn. Ẹ ṣàlàyé fún un ṣáájú pé ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, pé pírẹ́òdù méjì ni wọ́n ní lọ́sẹ̀, kó má fi ojú ọmọ àyàn wò wọ́n. Ẹ wá owó ọkọ̀ rẹ̀ àti ohun tí ẹ máa fún un kó tó di ọjọ́ náà, kí ẹ má ṣe máa wá búrúsà kiri nígbà tó bá ti gbé ìlù kọ́ èjìká tó fẹ́ máa lọ.